Mẹkáníìkì tó bá mi múra máṣíìnì lọ sí òkè Ẹ̀fọ̀n: kébù ẹ̀ gbà mí, họ́ọ̀nù ẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ta ló bá mi tún alùpùpù Boxer mi ṣe kí n tó gùn ún lọ Ẹ̀fọ̀n Alààyè ní Èkìtì, ó dáa, ẹ jẹ́ n rò ó délẹ̀, torí tí mo bá kàn ní "ẹ lọ bá baba yẹn, ó mọṣẹ́", irọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, tí mo bá sì ní kẹ́ ẹ má lọ, irọ́ gidi nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní sáínbọ́ọ̀dù. Táyà tírélà kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ló wà níwájú ẹ̀, kò jìnnà sí Tákíe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá kan máa ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láàárọ̀. Mi ò ní dárúkọ baba torí ẹjọ́ wà tí mo fẹ́ rò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ "ọ̀la" ò ní ìtumọ̀ lẹ́nu baba yìí. Ọjọ́ Ajé ni mo gbé máṣíìnì fún un, ó ní kí n wá mú un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan, ó ń jẹ àmàlà. Ọjọ́rú, "ó ku díẹ̀". Ọjọ́bọ̀, ó ní ọmọṣẹ́ òun lọ ra ṣéènì kò tíì dé, ọmọ yẹn rèé lẹ́yìn ẹ̀ tó ń tẹ fóònù. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó rí i gbà, ìyẹn lẹ́yìn tí mo fìdí kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀ tí mo ní mi ò lọ ibì kankan.

Àmọ́ bí mo ṣe jókòó yẹn náà ló jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ̀. Ó ti fẹ́ kó spánà ẹ̀ kúrò ńlẹ̀, ló bá bi mí pé, "Àbúrò, níbo lo tiẹ̀ ń gùn ún lọ?" Mo ní Ẹ̀fọ̀n. Ó wò mí. "Ìwọ nìkan?" Mo ní èmi nìkan, bàbá. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn tún jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ táyà méjèèjì, ó mú bíréèkì ṣúù tẹ̀yìn, ó fi èékánná ha á, ibẹ̀ ti ń dán bí àwo. Ó ní, "Eléyìí á mú ẹ dúró ní Tákíe. Kò lè mú ẹ dúró lórí òkè yẹn." Ó pààrọ̀ tiwájú tẹ̀yìn. Sprocket, irin eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí ẹ̀, eyín ẹ̀ ti mú ṣóńṣó bí eyín ajá, ó pààrọ̀ òun àti ṣéènì. Ó wá ní kí n lọ ra kébù kílọ́ọ̀ṣì méjì wá, ìyẹn wáyà tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì fi ń fa ìdí ẹ́ńjìnnì tó o bá fẹ́ yí jíà. Méjì kẹ̀! Ó so ọ̀kan, ó wá tẹ́ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti ibi ọwọ́ títí dé ìdí ẹ́ńjìnnì, ó fi gíríìsì sí orí méjèèjì, ó wá gé túùbù ògbólógbòó ó fi dè é mọ́ ọn, kò kan ibì kankan, ó kàn wà ńbẹ̀. Mo ní bàbá, ìnáwó kí wá lèyí? Ó ní, "Ṣé mẹkáníìkì wà lórí òkè ni?"

Nígbà tí mo ń lọ ló tún pè mí padà: "Jíà tó o bá fi gùn ún, òun náà ni kó o fi sọ̀ ọ́. Má gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì kó o wá máa lọ bẹ́ẹ̀ o, tó bá ti gbóná tán kò ní gbọ́ tìẹ mọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo ti gbéra. Ìfọ́n, Ìlobùú, Òṣogbo, Iléṣà, kò sí nǹkan kan láti sọ nípa ìyẹn ju pé kòtò pọ̀. Ìwáràjà lọ̀nà ti pín, ọ̀kan gba Àkúrẹ́ lọ, mo gba èkejì. Mo rí oríta tó lọ síbi omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà, èyí tó ń ti òkè já wálẹ̀ ní ìpele méje yẹn, mi ò yà, ọ̀nà ni mo wá wò.

Lẹ́yìn Ẹ̀rìn, tó o bá ti kọjú sí Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, àpáta gìrìwò lápá kan, apá kejì jìn gbun, orí igi lò ń wò láti òkè. Kùrukùru ò tíì ká ńlẹ̀. Tírélà kan wà níwájú mi tó ń wọ́ bí ìgbín, mi ò lè yà á torí mi ò rí iwájú, ni mo bá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo tú u sílẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, jíà kìíní, jíà kejì, kìíní, àfi "tá!", ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rọ̀ gbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi, máṣíìnì ta mí síwájú lẹ́ẹ̀kan ó sì kú.

Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ibi tí kébù ti já yẹn rí játijàti bí orí ìgbálẹ̀. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa tì í dé Ẹ̀fọ̀n kí n tó rántí èkejì. Mo gé túùbù, mo fi orí ẹ̀ há ibi ọwọ́, mo fa ìdí ẹ̀ kọ́ ibi ẹ́ńjìnnì, mo fi spánà 10 fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rọ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ní "ẹ kúuṣẹ́ o", mo dá a lóhùn bí ẹni tó mọ nǹkan tó ń ṣe.

Ó yá, họ́ọ̀nù. Ọjọ́ Àìkú tí mò ń padà bọ̀ ni òjò dé bá mi, họ́ọ̀nù dákẹ́ wẹ́lo. Lójú ọ̀nà yẹn tó jẹ́ pé tó o bá dé kọ́nà, àfi kó o fọn ọ́n káwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé o wà! Ni mo bá ń fi ẹnu pariwo "hòòòò" ní gbogbo kọ́nà bí ẹni tó ń da màlúù. Bọ́ọ̀sì kan gé kọ́nà, ó wá sápá ọ̀dọ̀ mi pátápátá. Jíà kejì ni mo wà gẹ́gẹ́ bí baba ṣe wí, bíréèkì sì mú, mo dúró gbọnyin, díńgí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá temi. Dírẹ́bà yọrí síta, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ṣé o ò ní họ́ọ̀nù ni?"

Mo tú u wò nígbà tí mo dé Iléṣà. Ibi tí wọ́n ti so wáyà họ́ọ̀nù pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù baba yẹn, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni wọ́n fi wé e. Píọ́ wọ́tà!

Owó? Bíréèkì ṣúù, ṣéènì àti sprocket, kébù méjì, ọ́ìlì àti iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦41,500, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ₦9,000 nínú ẹ̀. Ó kó gbogbo èyí tó yọ sínú ọ̀rá fún mi kí n fojú ara mi rí i, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ní kó bá mi fi fóòmù kún ìjókòó ńkọ́? Ẹ má débẹ̀. ₦5,000 mi, kí n tó dé Òṣogbo ìdí mi ti ń bá irin sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé mo padà lọ. Baba tẹ́tí gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Òjò ló pa á?" Mo ní òjò ló pa á, bàbá. Ó wojú ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ wo fóònù. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ tú u, ó fi léèdì jó o, ó wá fi téèpù gidi wé e, kò gba kọ́bọ̀. Mo tẹ họ́ọ̀nù yẹn níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ títí ìyá aláàkàrà fi ní kí n dákun, kí n jẹ́ kí òróró òun simi.