Káàdì ìlera ọ̀fẹ́ tí mo lò nígbà omíyalé Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún mẹ̀kúnnù, ẹ lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Lọ́kọ́jà lọ́dún 2022.

Àkàrà ni mo ń dín létí odò. Ọkọ mi ti ṣaláìsí, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni wọ́n wá kéde ládùúgbò wa pé kí àwọn aboyún, opó àti ẹni tí kò lágbára jáde wá. NIN ni wọ́n béèrè. Wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n sì kọ orúkọ wa mọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù wa. Mi ò san kọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lọ́yẹ̀ pé òfin ìlera ọdún 2014 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún irú ètò yìí, àti pé wọ́n ń san owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fún ilé ìwòsàn tí orúkọ wa wà, à báà wá, à báà má wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé inú rẹ̀ ni wàhálà wà.

Kí omi tó dé, káàdì yẹn ṣiṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ibà kọ lu àbígbẹ̀yìn mi. Wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, èmi àti ẹ̀ ń wò ó títí ìlà kejì tó ń fi hàn pé ibà ni fi yọ. Wọ́n kó oògùn lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní ká máa lọ. Mo dúró, mò ń retí kí wọ́n pè mí padà wá sanwó. Èmi fúnra mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ga. Lóòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí oògùn máa ń tán, tí wọ́n á ní ká lọ rà á níta.

Oṣù Kẹsàn-án ni Odò Ọya àti Bẹ́núé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kọjá lójú ọ̀nà Gánájà, títì Abuja pàápàá bọ́ sínú omi. Àwa tí a rí omíyalé ọdún 2012 rò pé kò ní ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó wọlé, ó gbé agbada ìdínkàrà mi léfòó. Mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ará ìjọ wa kan nítòsí Òkè Patti.

Ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ gbuuru mú àbígbẹ̀yìn mi. Mo sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí fóònù wo orúkọ wa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wà nínú ètò náà, àmọ́ ilé ìwòsàn ibòmíràn lorúkọ yín wà. Ọ̀dọ̀ wọn lowó yín ń lọ." Mo ní ibòmíràn ọ̀hún ti bómi lọ, òrùlé rẹ̀ nìkan ló yọrí. Ó káàánú mi, ṣùgbọ́n mo san ₦3,200, owó ẹ̀wà mi. Òfin tuntun tí Buhari fọwọ́ sí lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣé kò yẹ kó di dandan fún wọn náà láti gba ẹni tí omi lé dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ìyá kan tí omi lé dé àdúgbò náà gbé káàdì tirẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n san ewúrẹ́ òun tó bómi lọ. A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ náà ni adójútòfò, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì ètò náà pé kí wọ́n bá mi gbé orúkọ wa wá sí ilé ìwòsàn tó wà lókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n mú ìwé NIN wá, omi sì ti gbé e lọ. Ọmọkùnrin kan tó wà lórí ìlà ló ní kí n tẹ *346# lórí fóònù mi, nọ́ńbà náà sì yọ. Ẹ tọ́jú ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n máa retí.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, màá fún káàdì yìí ní méje nínú mẹ́wàá. Lójú omi, méjì, nítorí ọmọbìnrin ilé ìwòsàn tó káàánú mi. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé létí odò, tí wọ́n bá ní kí ẹ yan ilé ìwòsàn, ẹ wo òkè kí ẹ tó yàn.

Oṣù Kejìlá ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé wọ́n ti gbé orúkọ wa dé Òkè Patti. Omi ti fà nígbà náà, mo ti padà sílé, mo ti ń dín àkàrà. Mo tún wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá wa padà sísàlẹ̀.