Ẹ̀kọ́ PTA ní Texas: owó tí mo ná sí i, owó tó ń mú wọlé, àti ibi tí ọ̀nà ti dí

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Iṣẹ́ PTA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ onífisiotẹ́rápì, ni mo kọ́ ní community college kan, ìyẹn ilé-ìwé gíga ìjọba, ní agbègbè Houston, òun ni mo sì fi ń jẹun títí di òní. Ẹni tó bá bi mí bóyá kí òun lọ kọ́ ọ, màá ní kó lọ, bó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba ló ti fẹ́ kọ́ ọ, tó sì mọ̀ ṣáájú pé owó iṣẹ́ náà ní ibi tó ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn èèyàn wa máa ń pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní aide tàbí tech ló ń nu bẹ́ẹ̀dì, tó ń to irinṣẹ́, tó ń ti aláìsàn wọlé. Ìwé mẹ́wàá ti tó fún un. PTA gbọ́dọ̀ gba associate degree, ìyẹn dìgírì ọdún méjì, kó ṣe ìdánwò, kó sì gba láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀. Nínú ìṣirò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún 2023, owó agbedeméjì PTA lọ́dún jẹ́ 64,080 dọ́là. Ti aide jẹ́ 33,520. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá san owó ńlá fún kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé ẹ máa di olùrànlọ́wọ́ fisió, iṣẹ́ aide ló ń tà fún yín.

CAPTE ni ẹ̀yin yóò kọ́kọ́ wò. Àwọn ló ń fọwọ́ sí ilé-ìwé fisió ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ tí wọn kò bá fọwọ́ sí kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó fún ìdánwò láísẹ́ńsì. Ilé-ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba bí àwọn tó wọlé ṣe parí tó, bí wọ́n ṣe yege tó, àti bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ tó. Ẹ kà á kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Owó tí mo san kò tó 10,000 dọ́là. Ilé-ìwé aládàáni tí mo kọ́kọ́ lọ bi léèrè pe iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ, láísẹ́ńsì kan náà ni a ó sì jọ gbà.

Ọdún méjì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ óò kọ́kọ́ ṣe anátómì àti àwọn kọ́ọ̀sì mìíràn kí wọ́n tó gbà yín wọlé, àyè kò sì pọ̀. Máàkì yín nínú anátómì ló máa sọ̀rọ̀ fún yín.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ìdánwò ọwọ́. Wọ́n á fún yín ní ìwé pélébé kan: bàbá ẹni 70 ọdún, rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ òsì, ẹ gbé e kúrò lórí kẹ̀kẹ́ arọ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Olùkọ́ kò ní sọ̀rọ̀, bírò nìkan ló mú dání. Ẹ óò fọwọ́, ẹ óò kí bàbá, ẹ óò béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ óò ti bírékì kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹ óò gbé ìtẹ́sẹ̀ kúrò lọ́nà, ẹ óò di bẹ́líìtì mọ́ ọn ní ìbàdí, ẹ óò sì dúró níbi ẹsẹ̀ tí kò lágbára kí ẹ tó ní kó dìde. Bí ẹ bá gbàgbé bírékì, ìdánwò parí síbẹ̀, kódà kí gbogbo ìyókù pé pérépéré. Àwọn kan sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì wa. Èmi gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àgbàlagbà tó bá ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ó lè má rìn dáadáa mọ́ láyé rẹ̀.

Owó tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín nípa rẹ̀ ni owó àkókò tí ẹ fi ń kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ó tó bí ọ̀sẹ̀ 16 lápapọ̀, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wọn kì í sì í san nǹkan kan. Ẹni tó ní ọmọ àti rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ti tọ́jú owó oúnjẹ oṣù mẹ́rin sílẹ̀. Mo mọ ọmọ Ìjẹ̀bú kan, olóye èèyàn, tó kúrò ní sáà tó gbẹ̀yìn nítorí èyí, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ìdánwò láísẹ́ńsì náà, tí wọ́n ń pè ní NPTE, ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Máàkì 600 ni ẹ ó gbà kí ẹ tó yege, lórí òṣùwọ̀n 200 sí 800, ẹ kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ láyé yín.

Ó wá ku owó. Ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń pinnu rẹ̀ ju ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Kíníìkì tí aláìsàn ń wá fúnra rẹ̀ ló máa ń san owó tó kéré jù. Ilé ìtọ́jú arúgbó àti iṣẹ́ ilé-dé-ilé ló ń san jù. Ṣùgbọ́n ní ilé arúgbó kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní ìpín 90 nínú 100 àkókò mi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè gbowó lé lórí. Nínú wákàtí mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 48 péré ló kù láti kọ ìwé, láti rìn láti yàrá kan dé èkejì, àti láti tọ̀. Ilé-dé-ilé sàn jù fún mi. Iye aláìsàn tí mo bá rí ni wọ́n ń sanwó lé lórí, epo mọ́tò sì tọwọ́ mi jáde. Bí aláìsàn kò bá ṣílẹ̀kùn, owó ìbẹ̀wò yẹn ti lọ. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni mo ti ń rí èrè iṣẹ́ náà lójú korokoro: ìyá kan tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún rẹ̀, tí kò lè ká a kọjá digíríì 70 nígbà tí mo dé, sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé rẹ̀ lójú mi, ó lọ yọ lẹ́tà nínú àpótí fúnra rẹ̀.

Láti 2022, ìpín 85 nínú 100 ni Medicare, ìyẹn ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ń san lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí PTA bá ṣe nínú kíníìkì, bí a bá fi wé ti onífisió gan-an. Àwọn agbanisíṣẹ́ ń rántí èyí tí ẹ bá béèrè àfikún owó.

PTA kò gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún aláìsàn, kò sì gbọ́dọ̀ yí ètò ìtọ́jú tí onífisió kọ padà. Onífisió ń gba 99,710 dọ́là ní agbedeméjì ní 2023, àmọ́ DPT, ìyẹn oyè dókítà nínú fisiotẹ́rápì, ni ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà báyìí gbọ́dọ̀ gbà, associate degree wa kò sì gé ọ̀nà náà kúrú. Àwọn ilé-ìwé tó ṣètò DPT fún PTA kò pọ̀ rárá. University of Findlay ní Ohio wà lára wọn. Ìdí tí mo fi yọ ìràwọ̀ kan nìyẹn.

Ẹni tó bá ti gba dìgírì fisió ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí UNILAG, kí ó má tíì lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún PTA. Kí ó kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPT, àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn tó kọ́ fisió ní orílẹ̀-èdè mìíràn wò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì wo ohun tó ṣẹ́ kù tí yóò ṣe láti di onífisió ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé.