Bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí mo fi ₦12,000 rà: iṣẹ́ tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń tẹ̀ ba máṣíìnì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń ro mí fún bí oṣù mẹ́fà, débi pé n kò lè bẹ̀rẹ̀ mú àlùmọ́gàjí nílẹ̀, àwọn aládùúgbò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n lọ mu àgbo. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn ni èmi lọ rà ní ilé ìtajà oògùn kan. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi lò ó báyìí.

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ nípa rírán rẹ̀, n kò rí àbùkù kankan kà sí i lára. Rọ́bà tó ń fà ni wọ́n fi ṣe é, irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n rán sí ibi tí yóò kan ọ̀pá ẹ̀yìn, ojú ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ ṣì ń dì mọ́ra dáadáa. Ooru ni ìṣòro rẹ̀: ní oṣù Ẹrẹ́nà, kì í tó wákàtí méjì tí òógùn yóò fi rin aṣọ abẹ́ rẹ̀ gbingbin, tí ara yóò sì máa yún mi.

Ohun tí n kò lè gbóríyìn fún ni ìwé pélébé inú páálí rẹ̀, tó ní bẹ́líìtì náà ń wo làkúrègbé, àìsàn kíndìnrín àti gbogbo ẹ̀yìn ríro. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀yìn ríro ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á pọ̀. Bí ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun márùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ síta tó sì tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, ìrora náà máa ń gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún, ẹsẹ̀ a máa ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, ikọ́ tàbí sísín a sì máa mú un le sí i. Ti òkúta inú kíndìnrín yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ó ń lọ, kò sí bí èèyàn ṣe lè dùbúlẹ̀ tí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nínú ìtọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, pẹ̀lú ibà alẹ́ àti ara tó ń rù. Ẹni tí itan rẹ̀ bá kú tìpìrì níbi tí ó fi ń jókòó, tí kò lè tọ̀ tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ni bẹ́líìtì fẹ́ ṣe sí èyíkéyìí nínú wọn?

Tèmi ni irú tó wọ́pọ̀ jù, tí a kò rí eegun tàbí àrùn kan pàtó tó fà á. Oṣù méjì tí mo fi ń de bẹ́líìtì nìkan, bí mo bá ti tú u lálẹ́, ìrora náà á tún dé. Oníṣẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara ríro, tí mo lọ rí ló sọ fún mi pé nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọn kò fọwọ́ sí i pé kí a máa fi bẹ́líìtì tọ́jú irú ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ báyìí. Eré ìmárale àti ìlàlóye ni wọ́n fọwọ́ sí. Ó ní kí n gbé àga mi sókè, kí n máa dìde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n sì máa dùbúlẹ̀ gbé ìdí sókè láràárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mú àlùmọ́gàjí mi.

N kò ju bẹ́líìtì náà nù. Mo máa ń dè é bí mo bá fẹ́ gbé ìdì aṣọ ńlá, nítorí pé ó ń rán mi létí pé kí n tẹ orúnkún dípò ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà mo máa ń tú u. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó fi téèpù wọn ìdodo rẹ̀ yíká, kí ó má lo nọ́ńbà ṣòkòtò. Èmi tí mò ń wọn gbogbo ayé gbàgbé láti wọn ara mi, àríyànjiyàn ńlá ni mo sì bá ọlọ́jà ṣe kí ó tó bá mi pààrọ̀ èyí tó tóbi jù.