WiiM Amp, NAD M10 tàbí Lyngdorf TDAI-1120: èwo ló bá pálọ̀ yín mu?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ampilifáyà alápapọ̀, ìyẹn èyí tí agbára sípíkà, orin orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ètò tó ń tún ohùn tò bá yàrá mu jọ wà nínú àpótí kan ṣoṣo, iye wọ́ọ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mi ò bá a wí, torí wọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dé orí wọ́ọ̀tì, ẹ fi tépù wọn yàrá yín ná.

Yàrá 12 sí 12 ẹsẹ̀ bàtà pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ọ̀bàntókò l'Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀: ògiri búlọ́ọ̀kù, táìsì nílẹ̀, P.O.P. lókè. Ohùn ò fẹ́ràn irú yàrá bẹ́ẹ̀ rárá. Ìró tí ìgbì rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì yàrá máa ń há sáàárín ògiri, á máa lọ á máa bọ̀, á sì máa wú sí i. Fún ẹsẹ̀ bàtà 12, ìró yẹn bọ́ sí nǹkan bíi 47 Hz, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ìbú àti òòró bá wá dọ́gba, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wú ìró kan náà ni. Gìtá báàsì sì ń sọ̀kalẹ̀ dé 41 Hz, nítorí náà àárín orin gan-an ni wàhálà yìí bọ́ sí. Ẹ fi Fẹlá sí i kẹ́ ẹ gbọ́: báàsì kan á hó gùù bo gbogbo ilé, èyí tó tẹ̀ lé e lè má dé etí yín rárá.

Ibí ni ètò tó ń tún ohùn tò ti wúlò. Ẹ̀rọ á gbé ìró ìdánwò jáde, máìkì á gbọ́ bó ṣe dé ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ètò inú rẹ̀ á wá bu ibi tó ga jù kù. Bíbù ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí ìró ti pa ara rẹ̀ run nínú yàrá, tẹ́ ẹ bá ní kó kún un, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọn omi yẹn: láti fi décíbẹ́lì 10 (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ròkè tó) gbé ìró kan sókè, agbára ìlọ́po mẹ́wàá ni ampilifáyà á lò. Wọ́ọ̀tì 6 di 60 lójú ẹsẹ̀, níbi tí agbára méjì nínú mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ti pin nìyẹn lórí sípíkà 8 ohm (ohm ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó). Ẹ sún àga kúrò lójú ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Gbohùngbohùn táìsì ńkọ́? Kò sí èyí tó máa gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kọ́tìnnì tó wúwo àti àga onífóòmù ló ń pa á. Àdìrẹ Ìtòkú rẹwà lójú fèrèsé o, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù fún iṣẹ́ yìí.

WiiM Amp

Dọ́là 299 ni wọ́n dá lé e nígbà tó jáde ní 2023, nígbà tí àwọn méjì yòókù kọjá dọ́là 2,000. Wọ́ọ̀tì 60 ló ń fún sípíkà 8 ohm kọ̀ọ̀kan, 120 fún ti 4 ohm. Ó ní ojú HDMI ARC fún tẹlifíṣàn àti ojú sọ́búfà, ìyẹn sípíkà báàsì. Máìkì fóònù yín ló sábà fi ń wọn yàrá, nínú áàpù WiiM Home, ibẹ̀ gan-an sì ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Máìkì iPhone kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ti Android yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe gbogbo wọn. Ẹ bọ́ kéèsì fóònù. Ẹ wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí èsì kejì bá yàtọ̀ gan-an sí ti àkọ́kọ́, ariwo ti wọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó tún ìsàlẹ̀ nìkan ṣe, láti nǹkan bíi 300 Hz wálẹ̀, kẹ́ ẹ fi òkè sílẹ̀ bí sípíkà ṣe dá a.

Lyngdorf TDAI-1120

Ìlú Denmark ló ti wá. Ẹ wo wọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa: 60 fún 8 ohm, 120 fún 4 ohm. Bó ṣe wà nínú WiiM gẹ́lẹ́ nìyẹn! Kí wá lowó rẹpẹtẹ yẹn fẹ́ rà? Apá tó tóbi nínú ẹ̀, RoomPerfect ni, ètò tirẹ̀ tó ń tún ohùn tò bá yàrá mu. Máìkì àti ìdúró rẹ̀ wà nínú páálí. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sí ibi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ orin, lẹ́yìn náà ẹ ó máa gbé e kiri yàrá, lókè, nílẹ̀, lẹ́bàá ògiri, ẹ̀rọ á sì máa fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ bó ṣe mọ yàrá náà tó. Tó bá ti kọjá 90, ó ti tó. Kò ní kẹ́ ẹ ya ilà kankan láti júwe bí ohùn ṣe máa rí, kì í sì í pa ìwà sípíkà yín rẹ́.

Ilé tí sípíkà gbọ́dọ̀ fara ti ògiri, torí kí ọmọ àti àlejò lè ríbi kọjá, èyí ni mo máa fi sí i. Òun nìkan nínú mẹ́ta yìí ló tún ní ojú fún ẹ̀rọ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwo Àyìnlá Ọmọwúrà ṣì wà nínú àpótí bàbá ọ̀pọ̀ èèyàn. WiiM àti NAD, ẹ ní láti ra àpótí kékeré mìíràn sí i kí àwo tó lè sọ̀rọ̀.

NAD M10

Ọdún 2019 ló jáde: wọ́ọ̀tì 100 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ojú gíláàsì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ojú sọ́búfà méjì. Dirac Live, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Uppsala, Sweden, ló ń tún yàrá ṣe nínú rẹ̀. Kì í ṣe gíga ìró nìkan ló ń wò, ó ń wo àsìkò tí ìró fi ń dé etí pẹ̀lú. Ẹ lè fọwọ́ ara yín ya ilà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí ohùn rí, kẹ́ ẹ pa oríṣiríṣi mọ́, kẹ́ ẹ máa yí wọn wò. Ẹni tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá dùn mọ́ ló yẹ kó rà á. Ẹni tí kò bá ní sùúrù á ya ilà burúkú, á sì ní NAD ò dáa. Ẹ bi olùtajà bóyá àṣẹ Dirac tó wà nínú rẹ̀ kárí gbogbo ìró tàbí ti ìsàlẹ̀ nìkan ni, torí oríṣi méjèèjì ló wà.

Sonos Amp, ampilifáyà alápapọ̀ mìíràn, náà ń dán lójú, wọ́ọ̀tì 125. Ṣùgbọ́n Trueplay, ètò rẹ̀ tó ń tún ohùn tò bá yàrá mu, kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sípíkà tẹ́ ẹ rà níbòmíràn. Ti inú ògiri àti inú àjà tí Sonos àti ilé-iṣẹ́ Sonance jọ ṣe ló mọ̀.

Fún yàrá 12 sí 12 àti sípíkà lásán, WiiM ni mo máa rà, màá fi owó tó kù ra kápẹ́ẹ̀tì àti sípíkà tó dáa jù. Yàrá ńlá ní Ìbarà tó ṣí sí ibi ìjẹun, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ NAD tàbí Lyngdorf.

Ní ti iná, ẹ má bẹ̀rù: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í jẹ iná púpọ̀ tí orin bá wà ní ìwọ̀n, ìnfátà ilé lè gbé wọn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ọ̀tá yín lọ́jọ́ ìwọ̀n. Òru ni kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ pa fáànù àti fíríìjì, kẹ́ ẹ fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí bó ṣe máa ń wà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, bóyá láti Alábà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí 120V nìkan bá wà níbẹ̀, ẹ má kì í bọ iná wa láìlo tíránsífọ́mà. Kẹ́ ẹ sì tó sanwó NAD tàbí Lyngdorf, ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí máìkì.