Áàpù tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń mú sùúrù

Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré tó máa ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ láràárọ̀ nítorí bàtà, kó jọ̀wọ́ gba Breathe, Think, Do sórí fóònù. Ilé-iṣẹ́ Sesame Workshop ló ṣe é, àwọn náà ló wà nídìí Sesame Square, ètò ọmọdé tí a wò lórí NTA, ti Zobi tó fẹ́ràn iṣu yẹn. Mi ò san kọ́bọ̀ kí n tó gbà á.

Ẹ̀dá onírun kékeré kan, aláwọ̀ aró, ló wà nínú rẹ̀. Bàtà ò wọ̀ ọ́, ilé tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ wó, ẹ̀rù òkùnkùn ń bà á. Inú á bí i tàbí kó máa sunkún. Ọmọ ni yóò rọra máa tẹ ikùn rẹ̀ kó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, àwọn nǹkan roboto bí ìfófò ọṣẹ á yọ lókè orí rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ń bẹ́ wọn ni ọgbọ́n tó lè dá á ń jáde, títí yóò fi di mẹ́ta. Ọmọ á mú ọ̀kan, ẹ̀dá náà á sì ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ni ọmọ ń tù nínú. Bí inú bá ń bí ọmọ mi, kò ní gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó máa ń bá ẹ̀dá yìí sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà: "Má sunkún mọ́, mí."

Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì nìkan ló ń sọ. Àmọ́ òbí lè gba ohùn tirẹ̀ sínú rẹ̀, màmá mi ló sì bá wa sọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Ṣe wọ̀ọ̀, ọkọ mi, ó máa tó ṣe é ṣe." Ohùn ìyá àgbà yẹn ṣiṣẹ́ ju ti áàpù lọ! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ yìí gbé bàtà sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi dì í."

Ìtàn inú rẹ̀ ò pọ̀, márùn-ún péré ni. Bí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n tán, á kàn máa tẹ̀ ẹ́ wàrà-wàrà ni. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì jọ mí kanlẹ̀ nígbà tí fóònù bá ti kúrò lọ́wọ́. Áàpù tó ń ti fóònù pa bí àkókò bá pé wúlò, mo ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kó ọmọ níjàánu níbẹ̀. Breathe, Think, Do ń kọ́ ọmọ láti kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ọmọ ọdún 2 sí 5 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbọ́n ọmọ mi yìí ti dàgbà jù ú lọ, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.