Hard disk, NAS tàbí cloud: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà fún àkọsílẹ̀ ọjà yín?

Bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín bá kú lálẹ́ òní, kí ló kù lọ́wọ́ yín? Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Hard disk alágbèéká: ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà, HDD àti SSD. HDD ní awo tó ń yí nínú, bó bá já bọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó lè má jí mọ́. SSD kò ní èyí, àmọ́ ó wọ́n. Fún ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀, HDD tó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé ẹ lè yọ ọ́. Ransomware, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa kí ọlọ́ṣà lè gbowó, gbogbo ohun tó bá bá lára kọ̀ǹpútà ló máa ń tì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò NotPetya wọ Maersk, àwọn tó ń fi ọkọ̀ òkun kó kọ̀ǹténà káàkiri ayé. Àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àjọlò, tó ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ wọn pa rẹ́, torí ara wọn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà. Ẹyọ kan ló kù, ní Gánà: iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé. Òṣìṣẹ́ kan ló gbé hard disk sáfà yẹn wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn sì gbé e dé London.

NAS: àpótí oní-dísìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní RAID 1, ètò tó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjèèjì, ti tó. Bí dísìkì kan bá kú, ìkejì á ṣiṣẹ́, òótọ́ ni. Àmọ́ fáìlì tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí méjèèjì ló ti kúrò. NAS tún ń fẹ́ UPS, bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ. Ọ́fíìsì ẹlẹ́ni méjì ò nílò ẹ̀.

Cloud: ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mìíràn nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù yín tàbí olè wọ ibẹ̀, kò ní bá a lọ. 15GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò sì wà nínú ẹ̀. Ẹ wo èyí tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, torí fáìlì tí kòkòrò ti tì náà ló máa gùn lọ sókè. Kò sì dájú lójoojúmọ́: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni, HDD 1TB méjì àti cloud ni mo máa rà. Ọ̀kan á wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan á wà nílé, ẹ máa pààrọ̀ wọn ní Jímọ́ọ̀. Ẹ fi password tì wọ́n, nọ́ńbà oníbàárà ló wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí fáìlì kan látinú ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kẹ́ ẹ sì ka iye owó inú ẹ̀.