Ẹ fẹ́ gbé sọ́fítíwíà Linux lọ sórí mainframe: IFL ni àbí zCX àbí z/OS UNIX?

Ẹ̀yin tí ọ̀gá ti ní kẹ́ ẹ kó sọ́fítíwíà Linux lọ sórí mainframe IBM (kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà yẹn bóyá ó ní èyí tí wọ́n ṣe fún s390x, ìyẹn irú prosẹ́sọ̀ tí mainframe ń lò. Èyí tí wọ́n kọ́ńpáìlì fún Intel (ìyẹn, tí wọ́n sọ kóòdù ẹ̀ di èyí tí prosẹ́sọ̀ Intel lóye) ò ní ṣí níbẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Java àti Python sábà máa ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò bá ti sí kóòdù C kankan tó fara pamọ́ sínú wọn.

Kóòdù C yẹn náà, tẹ́ ẹ bá tún un kọ́ńpáìlì, ṣì lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Intel máa ń to báìtì láti ẹ̀yìn wá, mainframe ń tò ó láti iwájú, nítorí náà 1 tí Intel kọ sí fáìlì ní 01 00 00 00, mainframe á kà á sí 16,777,216. Ó lè má sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ o, iṣẹ́ á kàn máa lọ.

Ó dáa, ká ní s390x wà. IFL lèmi máa ń sọ pé kí wọ́n rà. Ọdún 2000 ni IBM gbé prosẹ́sọ̀ yìí jáde, Linux ni wọ́n ṣe é fún, z/OS, ìyẹn operating system mainframe gan-an, ò lè gorí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ká mọ́ owó láísẹ́ǹsì z/OS yín. Red Hat, SUSE, Ubuntu, gbogbo wọn ló wà fún un, ẹ sì lè fi sọ́fítíwíà z/VM pín in sí ọ̀pọ̀ Linux. Tẹ́ ò bá ní z/OS rárá, ẹ wo mainframe LinuxONE tó jáde lọ́dún 2015, Linux nìkan ni tiẹ̀.

zCX, apá z/OS tó ń jẹ́ kí kọ̀ńténà Linux (sọ́fítíwíà tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ohun tó nílò) ṣiṣẹ́, bá z/OS 2.4 dé ní 2019. Inú z/OS gan-an ni kọ̀ńténà yín á ti máa ṣiṣẹ́, ó sì dáa gan-an fún èyí tó ń bá Db2 (dátábéèsì IBM) tàbí CICS (sọ́fítíwíà tó ń bójú tó ìdúnàádúrà lórí mainframe) sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ̀ńténà Docker tẹ́ ẹ bá fà wálẹ̀ ló máa ṣí o, èyí tí wọ́n ṣe fún s390x náà ni. Ẹ tún wo iye zIIP tẹ́ ẹ ní, ìyẹn prosẹ́sọ̀ àkànṣe tí zCX lè lò, torí zCX lè máa bá iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ du ú.

z/OS UNIX, ìyẹn apá UNIX inú z/OS, kì í ṣe Linux. Ẹ máa tún kóòdù ṣe, ẹ̀ẹ́ sì pàdé EBCDIC, ìlànà tí z/OS fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, tó yàtọ̀ sí ASCII tí Linux ń lò: àyè òfo tiẹ̀, @ ni ASCII ń kà á sí, ìwé kan ṣoṣo á wá kún fún @ káàkiri. Mi ò ní gbà á nímọ̀ràn àfi tí sọ́fítíwíà yín bá gbọ́dọ̀ pe z/OS fúnra ẹ̀.

Windows ńkọ́? Kò sí ti s390x. Sọ́fítíwíà QEMU lè díbọ́n bí Intel fún un, àmọ́ á máa wọ́ bí ìgbín. IBM náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí Windows wà pẹ̀lú mainframe, àpótí ẹ̀rọ zBX tó ní Intel nínú ni wọ́n gbé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi Windows sílẹ̀ lórí Intel.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè dán an wò, kẹ́ ẹ gbé fáìlì tí Intel kọ wá, kẹ́ ẹ wá fojú ara yín ka nọ́ńbà inú ẹ̀.